Síléètì Àná, Laptop Òní: Ọ̀rọ̀ Kan fún Ẹ̀yin Òbí Wa

Àwọn àbúrò wa ń múra àtiwọ yunifásítì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé: ọmọ ní òun fẹ́ laptop, bàbá ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. N kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń náwó. Ìtàn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè Stephen Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ láti 1952. Lónìí, gbogbo wa la ń yìn wọ́n. Àmọ́ nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ ẹ. Ìjọba ní láti gba owó orí lọ́wọ́ aráàlú kí ètò náà tó lè dúró, inú ọ̀pọ̀ ò sì dùn sí i. Nínú ìbò àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ NCNC ló borí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn níbí gan-an, owó orí yẹn sì wà lára ohun tó fà á. Àwọn àgbẹ̀ náà ní ìbéèrè tiwọn: tọ́mọ bá lọ síléèwé, ta ni yóò bá wọn fọ́ kòkó?

Ẹ má rò pé òpè ni wọ́n o. Owó tó ń jáde, wọ́n ń fojú rí i. Èrè tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì rí i. Síbẹ̀, iye ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé iye tó lé ní 811,000 ní 1955. Nínú wọn la ti rí tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti ẹnjiníà. Àwọn àgbà kan tó ń ka ìròyìn yìí lórí fóònù wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti di síléètì mú.

Ẹ wo Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Kó tó di lọ́yà, ó kọ́ títẹ̀wé lórí taipuráítà, iṣẹ́ yẹn sì bọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò rí iṣẹ́.

Ẹ̀rọ ìgbà tiwa ni kọ̀ǹpútà. Ní 2013, JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Nígbà tó di 2015, wọ́n pa ìwé tì pátápátá. Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan mouse, ṣé bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n lò ló máa ṣe é?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, “Ṣebí ó ní fóònù?” Òótọ́ ni, fóònù wúlò fún ìwé kíkà. Àmọ́ ẹ ní kó fi fóònù kọ iṣẹ́ àṣekágbá orí márùn-ún, kó ya àwòrán ilé, tàbí kó ṣe ìṣirò owó ilé iṣẹ́ kan. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń roko. Ọ̀bẹ lè gé koríko díẹ̀, kò lè kọ ebè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó kàn yín. Ẹ yé sọ pé “gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ní in.” Ẹ kọ ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín ń béèrè sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìtàn kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá tí ẹni tó ń ya àwòrán ilé nílò. Ẹ wá iye owó mẹ́ta, ẹ fi tòkunbọ̀ kún un, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì yẹ bátìrì rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ sọ iye tí ẹ̀yin náà lè dá. Bàbá tó ń ta kòkó tàbí ìyá tó ń jókòó lọ́jà láti òwúrọ̀ tọ́ sí àlàyé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ ta ilẹ̀. Ẹ lè dá àjọ, ẹ lè lọ bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì lè pín ẹ̀rọ kan lò. Ní Iléṣà ní 1934, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bíi tiwa, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe, ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Tí ìlú kan bá lè dá iléèwé sílẹ̀ nígbà náà, ẹgbẹ́ wa náà lè ra kọ̀ǹpútà mélòó kan síbi kan fún àwọn tí òbí wọn ò lágbára. Mo fẹ́ ká jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá ní laptop àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé, kó jẹ́ ká gbọ́.