Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Rí I?

Átọ́mù ní yàrá inú àti ti òde. Bí a bá lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde kúrò ní yàrá inú, òmíràn láti òde a bọ́ sí àyè rẹ̀. Agbára tí èyí tú sílẹ̀ a sì ti ẹ̀kẹta síta. Ní ọdún 1922 ni Lise Meitner, obìnrin ọmọ Vienna, kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde ní Berlin. Ní 1923, Pierre Auger rí i fúnra rẹ̀ ní Paris. Orúkọ tirẹ̀ ni a sì fi ń pe ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà títí di òní. Ní 1938, Meitner sá kúrò ní Jámánì nítorí pé ìran Júù ni ó ti wá. Auger kò jalè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa tí ń kọ́ ọmọ máa dárúkọ àwọn méjèèjì.