Agbádá tí mo jù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi ná, ká tó dé orí ìtàn. Èmi ni mo ju agbádá sányán bàbá mi àgbà sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Omi gbígbóná, ọṣẹ oníyẹ̀fun. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ku ọjọ́ méjì, dádì fẹ́ wọ̀ ọ́, mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tó máa jáde, ọrùn rẹ̀ ti ká jọ bí ẹnu àgbà tí kò léyín mọ́. Dádì ò pariwo o. Wọ́n kàn tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ ibi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà, bóyá á padà sípò. Ó dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń bi àwọn àgbà léèrè, tí mo sì ń ka ìwé kiri: báwo ni àwọn baba wa ṣe ń fọ irú aṣọ yìí? Èsì tí mo rí pa mí lẹ́rìn-ín. Wọn kì í sábà fọ̀ ọ́.

Ẹ wo ohun tó wà lára aṣọ yẹn ná. Inú igbó ni wọ́n ti ń ṣa ìtẹ́ kòkòrò sányán. Wọ́n á sè é nínú omi eérú kí gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ lè yọ, kí wọ́n tó ran án bí òwú. Àlàárì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: sílíkì pupa láti Yúróòpù ni, tó gba Tírípólì kọjá aginjù Sàhárà dé Kánò, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Alharini ni Haúsá ń pè é, al-harir ni Lárúbáwá, ìyẹn sílíkì. Ẹtù ní tirẹ̀, inú aró ni wọ́n ti ń rẹ òwú rẹ̀ léraléra títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú.

Lórí èyí ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lé. Kí ẹ̀rọ ìránṣọ tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kí ọrùn àti àyà ẹ̀wù kan tó parí. Ta ló máa wá gbé irú ẹ̀ lọ sódò, kó máa gbá a mọ́ òkúta?

Ẹ̀wù tí wọ́n bá wọ̀ sábẹ́ ló ń gba òógùn, ìyẹn ni wọ́n ń fọ̀. Tí agbádá bá ti òde dé, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á sá a síbòji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, torí oòrùn máa ń jẹ àwọ̀. Ó di inú àpótí, pẹ̀lú kàfúrà. Ìyá àgbà kan ní Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ṣì ń hun òfì títí dòní, ló sọ fún mi pé wọn kì í ká a lójú ibi kan náà ní gbogbo ìgbà. Ojú ibi tó bá ti ń ká ṣáá, ibẹ̀ ni òwú ti ń já.

Tó bá wá di dandan ńkọ́? Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀ tí wọ́n ti pò sómi, kí wọ́n máa rọra tẹ̀ ẹ́. Wọn ò ní ha á, wọn ò ní fún un. Ẹtù ò sì gbọdọ̀ bá funfun wọ omi kan náà, aró rẹ̀ á ṣí. Tí wọ́n bá máa lọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ̀, kí irin má baà tẹ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ pa.

Temi yé mi wàyí. Omi gbígbóná mú kí aṣọ náà súnkì, òwú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ò súnkì bákan náà. Ọ̀kan ń fà, ìkejì dúró. Bó ṣe ká jọ nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń sá fómi o. Ní Bàhíà, ní Brazil, àwọn obìnrin ilé Candomblé Nàgó ń wọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ funfun tí wọ́n ń pè ní richelieu. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n á tún fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sí i títí yẹ̀rì á fi dúró gbọin. Òwú funfun lórí aṣọ funfun, kí ló máa ṣí sára kí ni?

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù: ẹ̀wù méjì láti Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìlú Ulm ní Jámánì. Wọ́n ti wà nínú ìwé àkójọ Weickmann tó jáde ní 1659. Ó lé ní 360 ọdún! Èmi, wákàtí kan péré ni mo lò.

Dádì ṣì wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó náà ṣá. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà láyà, wọ́n fi bo ibẹ̀.

Ta ló ní sányán, àlàárì tàbí ẹtù àwọn àgbà nílé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ọrùn rẹ̀ wá, kí n rí i.