Ọgbà ẹ̀wọ̀n, Òkìtìpupa, àti aṣọ tí mi ò gbé fún Bùrọ̀dá mi rán

1/ Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà lórí TL yìí, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n tòótọ́, èyí tó wà ní Òkìtìpupa, tí gbogbo wa ń ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìtàn wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé wa náà wà nínú ẹ̀. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ bá mi kálọ.

2/ Ọmọ Òde-Ayé ni mí. Tí ẹ bá gun ọ̀kadà lọ́dọ̀ wa, ẹ ò ní pẹ́ dé Òkìtìpupa. Ibẹ̀ la ti ń lọ sí báǹkì, ibẹ̀ la ti ń lọ sí kóòtù, ibẹ̀ náà sì ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọmọ kan bá yájú jù, àwọn àgbà á ní "wọ́n máa tó gbé ẹ lọ Òkìtìpupa." Kò sẹ́ni tó béèrè rí pé kí ni wọ́n ń fi èèyàn ṣe tí wọ́n bá gbé e débẹ̀.

3/ Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un. Kí "ẹ̀wọ̀n" tó di orúkọ ilé, irin tí wọ́n so kọ́ra ni. Àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe ń de èèyàn mọ́lẹ̀, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́ ilé ńlá kan, kí wọ́n ti èèyàn mọ́bẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí ìlú máa bọ́ ọ, ìyẹn kọ́ ni ìyà tó wọ́pọ̀ láyé ìgbà yẹn.

4/ Tí o bá jẹ gbèsè, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí o san án. Ìwọ̀fà wà: o ń ṣiṣẹ́ lóko ẹni tó yá ọ lówó, iṣẹ́ yẹn ni èlé, títí ẹ máa fi rí ojú owó san. Dógò náà wà, èyí pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Olówó á rán ológò wá sílé rẹ. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa pariwo, á máa pàṣẹ oúnjẹ, á da gbogbo agboolé láàmú títí wọ́n á fi dá owó jọ kí ó ṣáà lè máa lọ.

5/ Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dùn o. Wọ́n ń ta èèyàn lẹ́rú, wọ́n ń lé èèyàn kúrò nílùú, wọ́n sì ń pa èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ni èyí: ojú ìlú ni ìyà ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ ò kúrò lójú ẹbí rẹ̀, gbèsè rẹ̀ sì ní ọjọ́ tí yóò tán. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, a máa padà síbẹ̀.

6/ Lọ́dún 1861, àwọn Òyìnbó gba Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá ọlọ́pàá sílẹ̀, wọ́n dá kóòtù sílẹ̀, nígbà tó sì di 1872, wọ́n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Broad Street, tó lè gba 300 èèyàn. Ilé alámọ̀ tó ní òrùlé koríko ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Ìtàn sọ pé àwọn tí ò fẹ́ràn ìjọba Òyìnbó ń ju iná sí i. Lọ́dún 1885, wọ́n kó bíríkì wá láti ìlú Òyìnbó láti fi tún un kọ́.

7/ Ẹ rò ó wò. Wọ́n kó bíríkì gba orí òkun wá nítorí kí wọ́n lè ti èèyàn mọ́lé! Àwọn bíi Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Lónìí, Freedom Park ni ibẹ̀ ń jẹ́, wọ́n ṣí i ní October 2010. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ gbọ́ orin tàbí ya fọ́tò níbẹ̀, orí ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n lẹ ti ń jó.

8/ Kí ni ẹ̀wọ̀n ayé Òyìnbó wà fún? Iṣẹ́. Ẹlẹ́wọ̀n ń la ọ̀nà, ó ń gé koríko, ó ń gbé ìgbẹ́. Àtúnṣe ìwà kọ́ ló wà lọ́kàn wọn. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọba àti àwọn ìjòyè ń bá Òyìnbó darí náà sì ní ẹ̀wọ̀n tiwọn lọ́tọ̀. Nítorí náà, oríṣi ẹ̀wọ̀n méjì ló wà nílẹ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

9/ Ẹni tó kọ́kọ́ yí nǹkan padà dáadáa ni Òyìnbó kan tó ń jẹ́ R. H. Dolan. Òun ni olórí iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n láti 1946 sí 1955. Ó ní kí wọ́n máa ya àwọn ẹlẹ́wọ̀n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má da ẹni tó ṣẹ̀ẹ̀kan pọ̀ mọ́ ògbólógbòó. Ó mú iṣẹ́ ọwọ́ wọ inú ẹ̀wọ̀n. Tí ẹ bá rí ẹlẹ́wọ̀n tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ télọ̀ lónìí, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

10/ April 1, 1968, ìjọba ológun pa gbogbo ẹ̀wọ̀n pọ̀ di ọ̀kan, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin tuntun tún jáde ní 1972. Lórí ìwé, wọ́n ní kí ẹ̀wọ̀n máa tún èèyàn ṣe. Nínú ọgbà, èrò ń pọ̀ sí i, ilé ò sì pọ̀ sí i. Àwọn tó sì pọ̀ jù níbẹ̀ títí di òní ni àwọn tí kóòtù ò tíì dá lẹ́jọ́. Wọn ò jẹ̀bi, wọn ò sì lọ sílé.

11/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. October 2020. Ẹ rántí EndSARS. Ní ọjọ́ 19 oṣù yẹn, wọ́n ya wọ ẹ̀wọ̀n méjì ní Benin, 1,993 èèyàn ni ìjọba ní ó sá jáde. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní October 22, ó kan Òkìtìpupa. Àwọn jàǹdùkú ya wọbẹ̀, 58 ẹlẹ́wọ̀n ló jáde.

12/ Èmi náà wà nílé nígbà yẹn, ASUU ń daṣẹ́ sílẹ̀. Kónílé-ó-gbélé ni gbogbo ìpínlẹ̀ wà. Ìròyìn dé sórí WhatsApp kó tó dé orí rédíò. Gbogbo ilé ní àdúgbò wa ti ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ní òun ti rí wọn lọ́nà oko, ẹlòmíràn ní irọ́ ni. Màmá mi jókòó sí kíṣìnì, wọn ò ro púpurù tó wà nílẹ̀, wọ́n kàn ń sọ pé "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó sá o. Má jẹ̀ẹ́ kó sá."

13/ Àbúrò wọn ọkùnrin ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Bùrọ̀dá ni mò ń pè é. Ó wà ní ẹ̀wọ̀n mìíràn ní ìpínlẹ̀ wa, kì í ṣe Òkìtìpupa. Ẹ̀rù àwọn ará àdúgbò ni pé ẹlẹ́wọ̀n ń bọ̀. Ẹ̀rù Màmá mi ni pé tí wọ́n bá fọ́ ibi tó wà náà, kó má lọ tẹ̀ lé wọn jáde, kó wá fi ẹ̀wọ̀n kékeré ra ńlá. Wọn ò fọ́ ibẹ̀. Kò sá.

14/ Kí ló ṣe? Mi ò ní bò ó. Ó ń bá oníṣòwò epo pupa kan ṣiṣẹ́, ó ta epo ọ̀gá rẹ̀, ó ná owó náà. Ó jalè. Ọdún 2018 ni wọ́n mú un. Oṣù 19 ló lò kí adájọ́ tó dá a lẹ́jọ́. Lọ́jọ́ kan fáìlì ò sí, lọ́jọ́ mìíràn mọ́tò tó máa gbé wọn lọ sí kóòtù ò sí. Màmá mi á wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ, á padà dé pẹ̀lú oúnjẹ tó gbé dání lọ.

15/ Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Maṣíìnì tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan, wọ́n ń pín in lò ni. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹlẹ́wọ̀n bíi tirẹ̀ ni. Ó ní kí òun tó dé ibẹ̀, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń kó òwú sí abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ń kàwé fún WAEC àti NECO. NOUN náà ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn ẹ̀wọ̀n kan, èèyàn sì ti gba dìgírì níbẹ̀.

16/ Òfin tuntun jáde ní August 2019. Ó pa òfin 1972 rẹ́, ó yí orúkọ iléeṣẹ́ náà padà sí Nigerian Correctional Service. Ó pín iṣẹ́ wọn sí méjì. Ìkíní ni ti inú ọgbà. Ìkejì ni ti ìta: kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìlú, kí wọ́n tú u sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́, kí wọ́n là á níjà pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀. Ẹ ò rí i? Lẹ́yìn bíi 150 ọdún, a tún ń wá ọ̀nà tí ìyà fi lè ṣẹlẹ̀ lójú ìlú, kí gbèsè sì tán.

17/ Ohun kan wà nínú òfin yẹn tí kò sẹ́ni tó ń sọ. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá ṣe ètò àtúnṣe parí, tó sì hùwà dáadáa, ó yẹ kí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́jọ́ tó bá ń jáde. Òfin ní ẹni tó bá ní ìwé yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya á sọ́tọ̀ nítorí pé ó ṣẹ̀wọ̀n. Òfin ni o, kì í ṣe ìwàásù.

18/ Bùrọ̀dá jáde ní 2022. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Màmá mi dá owó fún un, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Òde-Ayé. Ẹ mọ iye èèyàn tó gbé aṣọ wá lóṣù àkọ́kọ́? Méjì, Màmá mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn èèyàn á kí i dáadáa, wọ́n á kọjá lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Ẹnì kan ní òun ò lè gbé léèsì olówó iyebíye fún olè. Ó sọ ọ́ tó fi gbọ́.

19/ Ẹ má tíì bú wọn. Kérésì tó kọjá, mo ní ankara. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Òkìtìpupa. Nígbà tí Bùrọ̀dá béèrè, mo ní ọ̀rẹ́ mi ló rán an fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Irọ́ ni. Mo sanwó. Èmi tí mò ń kọ okùn ọ̀rọ̀ gígùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, mo wọ aṣọ yẹn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní "aṣọ yìí bá ẹ mu."

20/ Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ní March 2023, wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ò sí lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́, ìpínlẹ̀ náà lè ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà kúrò nítòsí wa ní 1968 lè padà wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti dá àwọn olóṣèlú lóhùn, ẹ bi wọ́n nípa ẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá maṣíìnì á tó, bóyá mọ́tò kóòtù á wà, kẹ́ ẹ tó bi wọ́n bí ògiri ṣe máa ga tó.

21/ Ṣùgbọ́n apá kan wà tí ìjọba kankan ò lè bá wa ṣe. Wọ́n lè kọ́ ọ níṣẹ́ nínú ọgbà, wọn ò lè gbé aṣọ wá fún ọ rán. Tí ẹni tó san gbèsè rẹ̀ tán bá délé tí a ò gbà á, ibo la fẹ́ kó lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà á kó tó wẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń dúró dè é.

22/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ankara méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá, mo sì jẹ́wọ́ ti Kérésì. Ó ní òun ti mọ̀, òun mọ ọwọ́ télọ̀ tó rán an. Ó mú téèpù, ó ní kí n dúró dáadáa. Ẹ̀yin ará Òde-Ayé tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbòmíràn, ẹnì kan bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò yín tó ń ṣe bàtà, tó ń ṣe wẹ́dà, tó ń gẹrun. Ẹ lọ bá a. Ẹ san owó ẹ̀ pé.