Michael Jackson, Àgbádárìgì àti Àwọ̀ Ara Tó Ń Pòórá

Ọjà ẹrú àti ilé àwọn míṣọ́nárì ni ìtàn Àgbádárìgì máa ń dá lé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, ìròyìn jáde pé Marlon Jackson, ọ̀kan nínú Jackson Five, wà lára àwọn tó fẹ́ kọ́ ibùdó ìgbafẹ́ àti ìrántí òwò ẹrú síbẹ̀. Ọdún yẹn náà, ní ọjọ́ 25, oṣù Òkúdù, Michael àbúrò rẹ̀ kú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ wa gbà pé ńṣe ni Michael bóra. Ó ti sọ fún Oprah Winfrey ní 1993 pé àìsàn ló ń ba àwọ̀ òun jẹ́. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi hàn pé òótọ́ ló sọ. Vitiligo ni orúkọ àìsàn náà.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ pé ohùn ló ya awọ kúrò lára àwọ̀. Àwọ̀ ni vitiligo ń mú lọ, kì í jẹ awọ. Ohun tó ń dáàbò bo ara ló ṣìnà, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àwọ̀, ibẹ̀ á sì funfun. Kì í ràn. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀: bí ẹ̀tẹ̀ bá mú ojú ara kan, a lè fi òwú kàn án kí aláìsàn má mọ̀. Ẹni tó ní vitiligo á mọ̀. Síbẹ̀, nítorí àṣìmọ̀ yìí, àwọn kan ò ní bá a jẹun nínú àwo kan, àwọn òbí mìíràn ò sì ní fi ọmọ fún un.

Ìtọ́jú rẹ̀ ti pẹ́. Ewéko Ammi majus àti oòrùn ni wọ́n ń lò ní Íjíbítì. Ní àwọn ọdún 1940, Dókítà El Mofty níbẹ̀ lo oògùn tí wọ́n yọ lára rẹ̀. Lónìí, ìpara àti ìtànṣán iná àkànṣe wà. Ní 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìpara ruxolitinib. Àwọ̀ lè padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo èèyàn, ó sì lè tún lọ.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Òkúdù, 2011, wọ́n ṣe Ọjọ́ Vitiligo Àgbáyé àkọ́kọ́ ní Èkó. Ogo Maduewesi, ọmọ Nàìjíríà tó ní vitiligo fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọjọ́ tí Michael kú ni wọ́n mú. Ìpínlẹ̀ tí Àgbádárìgì wà gan-an ni ayẹyẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá rí àmì funfun lára ẹnìkan, ẹ má yára pè é ní abóra tàbí adẹ́tẹ̀. Ẹ júwe dókítà awọ ara fún un.