Àtúnṣe tó lè ba nǹkan jẹ́: bí wọ́n ṣe ń yẹ 'error handling' wò nínú kóòdù Linux

Ká ní ẹ lọ gbowó lọ́dọ̀ oní-POS ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà. Debit alert ti wọlé, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ẹ̀rọ ní kò lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí báǹkì dá owó yẹn padà. Bí kò bá dá a padà, ẹ̀yin lẹ pàdánù. Bó bá dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, báǹkì ló gbé e.

Ohun tí error handling jẹ́ nìyẹn: ohun tí kóòdù máa ṣe nígbà tí nǹkan ò bá lọ bó ṣe yẹ.

Linux ló wà lábẹ́ gbogbo fóònù Android. Open source ni: ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, kó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́. Àwọn alábòójútó á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé.

Ohun mẹ́ta tí wọ́n ń wò

1. Ṣé kóòdù wo èsì? Nínú Linux, 0 sábà máa ń túmọ̀ sí pé ó lọ. Nọ́ńbà òdì ni àṣìṣe. -12, fún àpẹẹrẹ, ni "kò sí mẹ́mọ́rì mọ́".

2. Ṣé ó dá gbogbo ohun tó gbà padà? Mẹ́mọ́rì tó gbà, àgádágodo tó tì: èyí tó gbà kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ tú sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré.

3. Ṣé àṣìṣe náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é, àbí wọ́n gbé e mì?

Kí ló dé tó fi le?

Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kì í gbà ni. Lójoojúmọ́, mẹ́mọ́rì kì í tán, nítorí náà kóòdù tó bàjẹ́ níbẹ̀ lè sùn fún ọdún púpọ̀.

Ẹ wo GnuTLS, sọ́fúwíà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abala kan nínú rẹ̀ yẹ kó dáhùn 1 fún "bẹ́ẹ̀ ni", 0 fún "rárá". Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà òdì ló ń dá padà. Nínú èdè C, nọ́ńbà tí kì í bá ti ṣe 0, "bẹ́ẹ̀ ni" ni. Báyìí ni ìwé ẹ̀rí ayédèrú ṣe lè kọjá. Ọdún 2014 ni wọ́n tó tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Minnesota

Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà fi orúkọ tí kì í ṣe tiwọn fi àtúnṣe kéékèèké ránṣẹ́ sí Linux. Lójú, wọ́n ń tún àṣìṣe ṣe. Lábẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ kí kóòdù tún lo mẹ́mọ́rì tó ti dá padà. Ní oṣù kẹrin 2021, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Linux, kéde pé òun ò gba kóòdù lọ́wọ́ yunifásítì náà mọ́. Àwọn alábòójútó tún yẹ iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá 435 wò. Àwọn tó lábùkù nínú ti 2020 yẹn ò rọ́nà wọlé. Nínú 435 ọ̀hún, ọ̀pọ̀ ló dára, ṣùgbọ́n wọ́n rí àwọn tó nílò àtúnṣe, èyí tí ẹnì kankan ò fi èrò burúkú kọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Àkùngbá àti àyíká, ibí yìí lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àtúnṣe kan, kí ẹ bi í pé: "Bí èyí ò bá lọ, ta ló máa dá owó padà, ẹ̀ẹ̀melòó?"