Ìṣirò Iṣẹ́ àti Agbára

Iṣẹ́, lójú onímọ̀ físíìsì, ni ohun tí ipá ṣe nígbà tí ó bá sún ẹrù lọ sí apá ibi tí ipá náà kọjú sí. Níútìnì ni a fi ń wọn ipá, bí a bá sì mú un lọ́nà iye mítà tí ẹrù rìn, júúlù ni a ó rí. Bí a bá wá pín júúlù wọ̀nyí sí iye ìṣẹ́jú-àáyá tí iṣẹ́ náà gbà, agbára dé, èyí tí a ń fi wáàtì kà.

Nítorí náà, alábàárù tí ó ru àpò kòkó oníkílógíráàmù 64 kọjá ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kò ṣe iṣẹ́ kankan lára àpò náà bí ó ti ń rìn, nítorí òkè ni ọrùn rẹ̀ ń ti ẹrù sí, iwájú sì ni ẹrù ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí fojú di òógùn rẹ̀ o: iṣan ara ń jẹ oúnjẹ run, yálà ẹrù gòkè tàbí kò gòkè.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbé àpò kan náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù ní Oǹdó Ẹ̀kímọ̀gún, tí ilẹ̀ ọkọ̀ náà fi mítà 1.2 ga, ọ̀rọ̀ yí padà. Níútìnì 9.8 ni ayé fi ń fa kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àpò náà wúwo tó níútìnì 627, iṣẹ́ gbígbé e sì jẹ́ júúlù 753. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ẹni méjì ni yóò gbé e: bí ó bá gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, agbára àwọn méjèèjì pọ̀ jẹ́ wáàtì 188, bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo jù ú sókè, agbára wọn ju ti ẹṣin kan lọ, èyí tí í ṣe wáàtì 746, òṣùwọ̀n tí James Watt ará Scotland (1736–1819) gbé kalẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ òun lè rọ́pò.

Irú ìṣirò yìí ni àwọn ọmọ Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981 kò lè yẹra fún. Ẹ jẹ́ kí á fa lítà omi 1,000 láti inú kànga ẹlẹ́rọ lọ sínú táǹkì tí ó fi mítà 30 ga ju ojú omi lọ: júúlù 294,000 ni. Bí a bá fẹ́ kí ó kún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wáàtì 490 tó lórí ìwé. Ṣùgbọ́n irin tí ń ha irin, ooru, àti páìpù tóóró yóò gba tiwọn, bí ó bá sì jẹ́ ìdajì péré ni ó dé ara omi, wáàtì 980 ni ẹ̀rọ náà yóò máa fà, yóò sì fà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ẹni tí kò ṣírò èyí kí ó tó ra jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa bú ẹni tí ó tà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tí ó lè dúró fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdajì tó o.

Owó iná kò ní tìtorí èyí dín kù, nítorí iṣẹ́ ni mítà iná ń kà, kì í ṣe agbára: yúnìtì kan jẹ́ júúlù 3,600,000, bí ìdajì péré bá sì ni ó ń dé ara omi, ó tó láti kún irú táǹkì bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà, yálà ẹ̀rọ ńlá ni ó fa omi náà tàbí kékeré.