Ihò wẹ́wẹ́ létí aṣọ: Bí ẹ̀rọ àti ọwọ́ ṣe pín iṣẹ́ léèsì ṣe

Bí ènìyàn bá wo kúbùsù ọmọ tuntun tàbí aṣọ ìrọ̀rí tí wọ́n fi léèsì kíróṣéè yí etí rẹ̀ po, yóò rí i pé léèsì náà kò kàn lẹ̀ mọ́ aṣọ lásán. Inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó tò lẹ́sẹẹsẹ sí ìṣẹ́tí aṣọ ni òwú rẹ̀ gbà wọlé. Bí ihò bá dára, léèsì yóò pẹ́. Bí ihò bá ya, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti ṣòfò nìyẹn.

Iṣẹ́ léèsì yìí ti gba ẹ̀mí là rí. Ní ọdún 1845, àrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọ̀dùnkún tí àwọn tálákà ilẹ̀ Ireland gbẹ́kẹ̀ lé jẹ́. Ìyàn mú, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn sì kú. Ní 1847, Cassandra Hand, aya àlùfáà ìjọ ní ìlú Clones, mú ẹ̀kọ́ kíróṣéè wọ àdúgbò náà. Owó léèsì sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi bọ́ ìdílé wọn.

Láyé ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ihò ìṣẹ́tí pẹ̀lú. Aránṣọ yóò fa fọ́nrán òwú mélòó kan yọ nínú aṣọ ọ̀gbọ̀, yóò sì fi abẹ́rẹ́ di àwọn tó ṣẹ́kù ní ìdì-ìdì. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Singer ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ 72W19 jáde fún iṣẹ́ yìí. Abẹ́rẹ́ méjì ló ní, pẹ̀lú irin ṣóńṣó tí ń lu aṣọ. Bí irin náà ti ń lu ihò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn abẹ́rẹ́ ń fi òwú di etí rẹ̀ kí ó má baà padé mọ́. Bí wọ́n bá wá fi àlùmọ́gàjí gé àárín ìlà ihò náà, etí aṣọ yóò rí bí eyín wẹ́wẹ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alákíróṣéè. Òun ló ń fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja fa òwú gba inú ihò kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé igun aṣọ, yóò ki òwú bọ ihò kan ṣoṣo tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí igun náà má baà ká kò. Bó bá fún òwú jù, aṣọ yóò sún kì. Bó bá sì kó o jọ jù, léèsì yóò máa rú. Ó yẹ kí ó ti kọ́kọ́ fọ aṣọ òwú, nítorí pé ó máa ń sún kì lẹ́yìn ìfọ̀.

Wọn kò ṣe 72W19 mọ́. Àwọn tó ṣì ní in ló ń fi í ṣiṣẹ́ fún àwọn oníbàárà tó ń fi kúbùsù ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Abẹ́rẹ́ abìyẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ìránṣọ ilé. Ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń ti fọ́nrán òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìgé wọn. Ẹ̀rọ tó lè rán aṣọ ní wọ́gọwọ̀gọ ló yẹ ẹ́, nítorí pé ihò tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlẹ̀ nínú rẹ̀ fẹ̀. Bí ihò náà bá há, abẹ́rẹ́ yóò kán. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tàbí aṣọ òwú líle ló sì dára jù fún un.